Ìyàwó Télọ̀ Lọ Sétí Òkun

Ṣọ́ọ̀bù mi,
ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọbìnrin yín méjèèjì. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ṣe bíi pé òun ló bí mi. Ìwé ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ torí fóònù mi ti kú. Mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e lórí, mo rò pé àpò ṣẹ́ẹ̀tì ni. Bí ìyá rẹ bá ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí n má baà máa pe òun kí òun má gbé e, má dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló ti wà lọ́dọ̀ yín, kò fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé ó ti ro ẹjọ́ tiẹ̀ fún ọ. Gbọ́ tèmi náà, torí agbẹ́jọ́ ẹnu ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lóòótọ́ ló bẹ̀ mí kí n rán aṣọ kan fún òun tí òun máa wọ̀ lọ síbi ìsinmi yìí. Oṣù mẹ́ta ni aṣọ náà fi wà nílẹ̀, búlúù tó ní òdòdó wẹ́wẹ́ funfun. Lóòótọ́ ni mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la. Àmọ́ aṣọ akọrin mẹ́rìndínlógún wà lọ́rùn mi, kóòtù ọ̀gá ilé-ìwé tún wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń wá jókòó tì mí láràárọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹran lórí iná. Mo wá ṣàlàyé fún ìyá rẹ pé ìyàwó ẹni á fara dà á, oníbàárà ò ní fara dà á. N kò mọ̀ pé ara mi ni mo fi abẹ́rẹ́ gún.

Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó wọ aṣọ àtijọ́ tó ti ṣá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo èèyàn. Ó ní: "Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń fẹ́ télọ̀, aṣọ rírà ni mò ń wọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rántí pé èmi náà ní ara, ẹ ránṣẹ́ pè mí." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Wọ́n ní o fẹ́ kó dúró tì yín títí ọdún á fi parí, kó máa bá ẹ tọ́jú àwọn ọmọ. Abẹ́rẹ́, má dá mi lóró. Sátidé kejì nínú oṣù Kẹsàn-án ló wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì bàálù rẹ̀ pé yóò padà. Jọ̀ọ́, bá mi fọgbọ́n wádìí bóyá ó ń bọ̀. Má sọ pé èmi ni mo ní kó o béèrè.

Ẹ̀wà tí mo sè lánàá jóná. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ,
Ojú-ni-Téèpù


Etí òkun,
ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú àdájẹ ẹ̀wà. Ọkọ mi ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọ ní kí n bi yín bóyá orúnkún yín ti gbà pé ẹ̀yin lẹ bí òun.

Màmá fúnra wọn ló gba lẹ́tà yín lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in. Wọ́n ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yín láti òkèèrè. Wọ́n gbé e sórí firíìjì, wọ́n ní lẹ́tà ẹnì kan ti dé o, wọ́n bá padà sídìí ẹja wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹja yẹn. Ilé tí a yá fún ìsinmi yìí, yàrá méjì lókè ilé oníbúrẹ́dì ni. Bí ẹ bá gun àpótí nílé ìdáná, ẹ ó rí òkun. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, màmá ò fẹnu kan nǹkan kan. Ata gígún tí wọ́n rọ sínú ìgò oògùn ikọ́ ni wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì, wọ́n ní àwọn ò mọ ọwọ́ tó ń se oúnjẹ ibí. Lọ́jọ́ kẹta a mú wọn lọ sí èbúté. Àwọn apẹja máa ń dáná síbẹ̀ láàárọ̀, ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ni wọ́n ń yan, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á fún omi ọsàn kíkan lé e. Apẹja onírùngbọ̀n kan na ẹja kan sí màmá. Wọ́n ní àwọn ò jẹ. Ó tún nà án. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà má baà bínú, àwọn á tọ́ ọ wò. Bàbá, a ò rí orí ẹja yẹn mọ́ títí di òní.

Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti lù, màmá ti gbé abọ́, ó di èbúté. Àwọn àti Onírùngbọ̀n ò gbọ́ èdè ara wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n bu ata wọn sí ẹja rẹ̀. Ọkùnrin náà sunkún, ó mumi, ó lọ ki orí bọ òkun. Lọ́jọ́ kejì ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta wá, gbogbo wọn na abọ́. Ìgò oògùn ikọ́ yẹn ti ń tán lọ.

Fọ́tò tó wà nínú ìwé yìí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì ni. Ọkọ mi ló wà níwájú tó ń wà á. Màmá ló wà lẹ́yìn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, áísìkíríìmù ló wà lọ́wọ́ wọn yẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti máa sọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Mo fọgbọ́n béèrè bí ẹ ṣe wí. Mo ní, "Màmá, àárò ilé ò ní pẹ́ máa sọ yín o." Wọ́n ní, "Ṣé bàbá rẹ ló ní kó o béèrè?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé mi ò tíì mọ̀."

Bàbá, ẹ̀bi yín ni. Èmi ọmọ télọ̀ náà, yunifọ́ọ̀mù tí ìdí ẹ̀ ti já ni mo fi parí ilé-ìwé.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ṣọ́ọ̀bù mi,
ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje

Abẹ́rẹ́ mi,

Ìwé rẹ dé, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù yẹn, mo ti gbọ́. Jẹ́ ká mú ẹjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo yá awò tó ń mú nǹkan tóbi lọ́wọ́ alágogo tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi wo fọ́tò náà láàárọ̀, mo tún fi wò ó lọ́sàn-án. Apá aṣọ rírà tó wà lọ́rùn ìyá rẹ kò jókòó, ẹni tó rán an ń kánjú. Kí ọkọ rẹ rọra máa wa kẹ̀kẹ́ yẹn, ìyàwó mi ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Onírùngbọ̀n yìí ńkọ́, ṣé ó níyàwó?

Àmọ́ ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé nìyí. Bí ìyá rẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, mo wò ó, mo bi ara mi léèrè ìgbà tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn, mi ò rántí. Mo bá lọ fa dúróà abẹ́ máṣíìnì. Aṣọ búlúù náà wà níbẹ̀, ìyá rẹ ti ká a, ó fi bébà wé e. Mo fẹ́ rán an kí n fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì wa máa wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílùú tí ẹ ti ń sinmi yẹn lóṣù tó ń bọ̀, ó ní òun á bá mi mú un dání.

Ìwọ̀n ló kù. Wọ́n ń pè mí ní Ojú-ni-Téèpù torí bí oníbàárà bá ti wọlé, kó tó jókòó, mo ti mọ ínṣì rẹ̀. Àmọ́ ojú mi ò gùn dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí tó wà nínú ìwé mi, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó wa ni mo wọ̀n ọ́n. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, n kò wọ̀n ọ́n mọ́ láti ìgbà náà.

Bá mi wọ̀n ọ́n ní kọ̀rọ̀, kó má mọ̀. Má kọ nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi o, o máa ń ka téèpù láti ẹ̀yìn. Òwú ni kó o fi wọ̀n ọ́n, bí àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn ṣe máa ń ṣe: ta kókó kan sétí òwú fún àyà, méjì fún ìbàdí, mẹ́ta fún ìdí, mẹ́rin fún gígùn. Nọ́ńbà lè parọ́, òwú kì í parọ́. Síṣọ́ọ̀sì ni kó o fi gé e. Má fi eyín gé òwú bí ìyá rẹ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń pariwo ẹ̀ pé síṣọ́ọ̀sì wà ńbẹ̀, kò gbọ́.

Bàbá rẹ


Etí òkun,
ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira orúnkún. Onírùngbọ̀n níyàwó, obìnrin náà ga ju ilẹ̀kùn lọ, òun àti màmá ti di ọ̀rẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Bàbá, iṣẹ́ tí ẹ rán mi yìí, ẹ ò rán olè níṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Lójú oorun ni mo ní kí n wọ̀n wọ́n, bẹ́ẹ̀ màmá kì í sùn lójúmọmọ, ẹ mọ̀ wọ́n. Àfìgbà tó di Sátidé. A lọ sétí omi. Màmá ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń léfòó, wọ́n máa ń ki ara wọn bọ táyà rọ́bà kan, wọ́n á dì í mú bí ẹni di ilẹ̀ baba rẹ̀ mú, wọ́n á máa pariwo pé kí wọ́n má fi àwọn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ò kọjá orúnkún. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n jẹ ẹja méjì àti búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n fi áísìkíríìmù tì í, oorun bá gbé wọn lọ lórí ẹní lábẹ́ agbòòrùn.

Mo fa òwú yọ. Àyà àti gígùn ò le. Ìbàdí àti ìdí ló di wàhálà, torí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, òwú ò rí ibi gbà lábẹ́ wọn. Ọkọ mi bá gba ṣọ́bìrì ìṣeré lọ́wọ́ ọmọ, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò nínú iyanrìn lábẹ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá. Bàbá àgbàlagbà kan tí a ò mọ̀ rí bọ́ bàtà rẹ̀, ó wá bá wa gbẹ́ òdìkejì. Bí mo ṣe fa òwú kejì jáde báyìí ni màmá lajú. Wọ́n ní kí la ń wá lábẹ́ àwọn. Mo ká òwú sínú àtẹ́lẹwọ́. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ ló dáhùn: "Akàn ni, Màmá Àgbà." Mi ò mọ̀ pé màmá ṣì lè fò sókè tó bẹ́ẹ̀.

Òwú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí, síṣọ́ọ̀sì ni mo fi gé wọn. Mo ti fi wọ́n sínú àpòòwé, màmá ní àwọn á bá mi jù ú sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ lọ́la tí àwọn bá ń lọ sídìí ẹja. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ṣọ́ọ̀bù mi,
ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ

Abẹ́rẹ́ mi,

Òwú dé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Bá mi kí bàbá tó bọ́ bàtà yẹn, ọmọlúàbí ni. Mo tẹ́ òwú sórí tábìlì, mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìbàdí yẹn, mo wò ó títí.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi rán an. Ọ̀gá ilé-ìwé wá jókòó bí ìṣe rẹ̀, mo ní kó padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì mo tún ní lọ́la. Ó bi mí bóyá ara mi ò yá. Alágogo wá wo ojú mi láti ẹnu ọ̀nà, ó lọ pe àwọn ìyókù, wọ́n tò sójú fèrèsé. Mo ní ìyàwó mi ni mò ń ránṣọ fún. Wọn ò gbà mí gbọ́.

Nọ́ọ̀sì máa gbéra lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Gbọ́ mi dáadáa: kí ẹnikẹ́ni má gé ohunkóhun kúrò nínú aṣọ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ nǹkan kan nínú àpò rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀, mo mọ ìdí tí mo fi fi í síbẹ̀.

Ẹ̀wà mi ò jóná mọ́. Ó kàn ń le ni. Oníbàárà kan jókòó sórí àga ìyá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì lánàá, mo ní kó dìde. Ṣé ó ṣì ń sọ pé òun ò tíì mọ̀?

Bàbá rẹ


Etí òkun,
ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹjọ

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Inú ń bí mi, ẹ má bínú pé mi ò kí yín gùn.

Nọ́ọ̀sì mú aṣọ dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Màmá tú bébà, wọ́n rí aṣọ búlúù wọn, wọ́n jókòó sórí ibùsùn. Wọ́n fọwọ́ pa kọ́là, wọ́n yí apá wò, wọ́n ní "Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ rán ìṣẹ́tí ẹ̀, kò fi máṣíìnì rán an." Omi bọ́ lójú wọn. Mo sọ nínú mi pé ó parí, bàbá ti gba ìyàwó wọn padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn apẹja pè wá jẹun ní èbúté, torí ìsinmi wa ti ń parí lọ. Màmá ní aṣọ yẹn làwọn máa wọ̀. Bàbá, àyà rẹ́gí, gígùn rẹ́gí, ìbàdí kọ̀. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ mẹ́ta ò fẹ́ dé. Èmi fà á, ọkọ mi fà á, àwọn ọmọ tì í. Nígbà tó dé, màmá ò lè mí, wọ́n ní àwọn ò ní bọ́ ọ. Wọn ò lè jókòó, òró ni wọ́n fi jẹ ẹja. Gbogbo nǹkan ṣì ń lọ bẹ́ẹ̀, àfi bí Onírùngbọ̀n ṣe bọ́ sáàárín tó ń fi ara ṣe àpèjúwe ọjọ́ tí ata kọ́kọ́ ta òun lẹ́nu. Màmá gbàgbé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ bọ́ sínú òkun. Èkejì ba alága àwọn apẹja níwájú orí. Ẹ̀kẹta, inú ọbẹ̀ ọkọ mi la ti rí i. Aṣọ tábìlì la fi wé màmá délé.

Láti ìgbà náà wọn ò jáde, wọn ò lọ sídìí ẹja. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè bóyá wọ́n lè sún tíkẹ́ẹ̀tì àwọn síwájú dìgbà tí ọdún bá parí. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn? Mo wọ̀n wọ́n dáadáa. Òwú ò parọ́. Ó hàn gbangba pé ojú yín lẹ tún fi rán an, ìgbéraga yìí ò jẹ́ kí ẹ lo òwú tí mo torí ẹ̀ di olè.

Abẹ́rẹ́


Etí òkun,
ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹjọ

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àìríni. Ṣé orúnkún ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ pé mò ń kọ ìwé yìí. Ó sọ fún mi pé òun ti kọ ìwé bú yín. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀bi yín kọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ní kí n bá a ju lẹ́tà rẹ̀ sínú àpótí, àpòòwé yẹn ò lẹ̀ dáadáa. Mo rò pé ẹ ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni, mo bá tú u. Òwú ni mo rí. Ṣé ẹ ó gbàgbé ẹni tó ń bá yín tú òwú oníbàárà ọ̀nà jíjìn kí a tó bímọ? Mo mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sórí àtẹ̀gùn oníbúrẹ́dì. Mo wá mú òwú oníkókó méjì, mo fi wé ìbàdí mi wò, mo ní bóyá Abẹ́rẹ́ ṣìṣe. Kò ṣìṣe. Ó pé géérégé, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ẹ máa ń wí fún àwọn èèyàn pé nígbà tí ẹ fẹ́ mi, ọwọ́ yín méjèèjì ló ká ìbàdí mi. Mo ní ẹ máa tẹ́ òwú yẹn sórí tábìlì, ẹ máa rí gbogbo ohun tí mo jẹ. Mo jẹ ẹja. Mo jẹ búrẹ́dì. Mo jẹ áísìkíríìmù lórí kẹ̀kẹ́, mo jẹ ẹ́ lórí ẹní. Mi ò lè parọ́ fún yín, ó dùn. Mo bá gé òwú náà kù.

Mo bá yín jà pé ẹ ò rántí pé mo ní ara. Ìgbà tí ẹ wá rántí, ara náà ló ń tì mí lójú. Ẹ ránṣọ fún mi lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì, mo fi irọ́ bà á jẹ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù níwájú yín? Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú nìyẹn. Ẹ má bá Abẹ́rẹ́ wí.

Èmi ni,
ìyàwó yín


Ṣọ́ọ̀bù mi,
ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹjọ

Ìyàwó mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹja tó ń tọ́jú rẹ. Ìwé Abẹ́rẹ́ àti tìrẹ, ọjọ́ kan náà ni wọ́n dé. Tiẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kà, mo dúpẹ́ pé tìrẹ tẹ̀ lé e.

Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí òwú dé. Òwú mẹ́ta, ẹnu wọn gé mọ́lẹ̀ dáadáa, síṣọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀kẹrin, ti ìbàdí, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ bíi búrọ́ọ̀ṣì, ó sì tẹ̀ níbi tí eyín iwájú gbé kàn án. Èèyàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó ń fi eyín gé òwú. Mo pariwo lórí ẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì, ọjọ́ yẹn ni mo dúpẹ́ pé o ò gbọ́.

Mi ò mọ iye tí o gé. Mo bá mú fọ́tò kẹ̀kẹ́ yẹn, mo wò ọ́ dáadáa bó ṣe yẹ kí n ti máa wò ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ínṣì mẹ́rin ni ojú mi sọ. Yí aṣọ náà sódì. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìbàdí, mo ṣẹ́ ínṣì méjì méjì pamọ́ sínú, òwú funfun ni mo fi dè é. Tú òwú funfun, má fọwọ́ kan ti búlúù. Bọ́tìnnì mìíràn wà nínú àpò. Mẹ́ta ni mo kó síbẹ̀, mi ò rò pé wọ́n máa kù.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kúkú rán an tóbi. Bí mo bá rán an tóbi, o ó mọ̀ pé mo ti mú ọ, ojú á tì ọ́. Èyí tí o fẹ́ ni mo rán. Èyí tó yẹ ọ́ ni mo fi pamọ́ sínú, mo ní ọjọ́ tó bá wù ọ́, o ó rí i. Mi ò mọ̀ pé Onírùngbọ̀n á pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Ìbàdí ọjọ́sí yẹn, mi ò wá a. Bí ọwọ́ mi méjèèjì ò bá ká a mọ́, mo ní téèpù.

Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé. Ìyẹn ni mo ti fẹ́ sọ láti oṣù Keje tí mo ń fi ọ̀rọ̀ orúnkún bò ó mọ́lẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo rán aṣọ fún gbogbo àdúgbò, mo fi ọ́ sílẹ̀. Ilé yìí ò dùn, ẹ̀wà le, àga rẹ ṣófo. Bí o bá sún tíkẹ́ẹ̀tì síwájú, mi ò ní lè bá ọ jà, àmọ́ ó máa dùn mí gan-an.

Ọkọ rẹ


Etí òkun,
ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Mo yí i sódì. Ínṣì mẹ́rin ni lóòótọ́, ojú yín burú. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí èbúté lánàá, mo jókòó, mo jẹ ẹja méjì, mo rẹ́rìn-ín dáadáa, kò sí bọ́tìnnì tó kúrò níbi tó wà. Ìyàwó Onírùngbọ̀n fọwọ́ bà á, ó fi ọwọ́ béèrè ẹni tó rán an. Mo na ìka sí òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo ti ní kí Abẹ́rẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹ forí ji òun. Sátidé yẹn, ẹ pa ṣọ́ọ̀bù dé, ẹ wá pàdé mi. Kí ọ̀gá ilé-ìwé padà wá lọ́la. Ẹ má se ẹ̀wà.

Òwú funfun yẹn, ẹ má bínú, mo wá síṣọ́ọ̀sì títí, mi ò rí i. Eyín ni mo fi tú u.

Ìyàwó yín